Orúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Wọ Ẹ̀wọ̀n

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì ní Port Harcourt, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi. Barrister Ibinabo ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kalabari, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wá wò mí, ó ní, "My dear, wetin fall from your hand?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo díbọ́n pé bírò mi ló bọ́, mo tiẹ̀ ń wá a kiri ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà. Ọdún tí mo fi sin ìjọba parí, àwọn ẹgbẹ́ mi kó ẹrù wọn padà sílé, èmi dúró. Ìdí tí mo fi dúró kò ju pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ kò sì sí ní Òkèhò. Ẹni tó bá ní ìdí mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ ló mú òun kúrò nílé, kó wá sọ fún mi.

Nǹkan púpọ̀ ló kọ́kọ́ bá mi lójijì. Bọ̀ọ̀lì tí mo mọ̀, ẹ̀pà la fi ń jẹ ẹ́. Níbẹ̀, odidi ẹja yíyan ni wọ́n ń gbé lé e lórí, wọ́n á sì da ata olóròóró bò ó. Mo jẹ ẹ́, mo sunkún ata, mo tún padà lọ rà á lọ́jọ́ kejì. Òjò ibẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Èyí tó dùn mí jù ni ti orúkọ. Kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi, wọn ò sì gbìyànjú rẹ̀. "Yoruba, how far?" "Yoruba, come carry this file." Nígbà tí inú wọn bá dùn, wọ́n á pè mí ní "Ngbati". Nílé, bí ẹnikẹ́ni bá pe ará Òkèhò ní ará Ìsẹ́yìn, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀. Ní Port Harcourt, wọ́n kó gbogbo wa sínú àpò kan, wọ́n sì so ó lẹ́nu.

Iṣẹ́ wa ni pé ká máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ká wá àwọn tí kò ní alágbàwí rí, ká sì bá wọn gba ohun tó tọ́ sí wọn. Láàrin wọn la ti ń rí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọkùnrin á lo ìgbà èwe rẹ̀ lójú ogun, tó bá padà dé, iṣẹ́ mẹ́gádì ni wọ́n á fún un. Bí nǹkan bá sọnù ní géètì tó ń ṣọ́, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ó lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ilé ìwòsàn àwọn ológun tọ́jú rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ fún wọn pé inú ẹ̀wọ̀n ló wà? Ojú ń ti òun fúnra rẹ̀ láti sọ ọ́.

Ìlú kò rójú nígbà náà. Àwọn ọmọ inú odò ń bá ìjọba jà nítorí epo rọ̀bì, ìbọn ń dún, wọ́n ń jí èèyàn gbé bí ẹni ń mú adìyẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, Màámi á pè mí, á máa pariwo bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rin ìrìn náà dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣé wọn ò tíì jí ẹ gbé?"

"Wọn ò tíì jí mi, Màámi. Bí wọ́n bá jí mi, báwo ni mo ṣe máa gbé fóònù?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé o rẹ́ni bá sọ Yorùbá?"

Mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ lè lọ kí n má rí ẹnì kan. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi, mo máa ń pe ìkòkò ní ìkòkò, kí ahọ́n mi má bàa kú.

*

Wọ́dà kan tó ń jẹ́ Sunday ló sọ fún wa nípa bàbá náà. Èèyàn Mgbuoba ni Sunday, ó máa ń fi ẹ̀rín sọ ohun tó bá ń bà á lọ́kàn jẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Yoruba, your papa dey inside. Im leg don dey smell. When fever hold am, na parade e dey command. Left, right, left, right, till day break. That man na soldier."

Wọ́n gbé bàbá náà jáde wá bá mi ní yàrá àlejò. Ráfíù Àlàó lorúkọ tó wà nínú ìwé wọn. Mẹ́gádì ni ní ọgbà ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Àwọn olè wọ ibẹ̀, wọ́n kó wáyà lọ, wọ́n ní òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń sún ẹjọ́ náà síwájú. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, egbò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gun òkè dé ọrùn ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ fún mi gbangba pé bí kò bá tètè dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹsẹ̀ á lọ, ẹ̀mí á sì tẹ̀lé e.

Mo kí i lédè Yorùbá. Ojú rẹ̀ là.

"Ìwọ ọmọ yìí, ará ibo ni ẹ́?"

"Òkèhò ni, Bàbá."

"Òkèhò!" Ó rẹ́rìn-ín. "A ò jìnnà síra wa." Lẹ́yìn náà ló pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó ti sọ̀rọ̀ jù.

Ohùn rẹ̀ ohùn ilé ni, ohùn Òkè-Ògùn gan-an, bí àwọn àgbà àdúgbò wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojú mi fẹ́ ṣomi, mo bá ń wo ìwé ọwọ́ mi. Mo bi í bóyá sójà ni lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sájẹ́ńtì ni. Mo bi í ní nọ́ńbà ológun rẹ̀.

"Mo ti gbàgbé."

Mo gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí bárékè. Akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá a títí, kò rí Ráfíù Àlàó kankan. Nígbà tí mo sọ fún un pé bàbá gbàgbé nọ́ńbà, ó dẹ́kun wíwá.

"Sister, soldier fit forget im wife name. E no fit forget im number. That your papa na 419."

Barrister Ibinabo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Èmi náà, kí n má parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ọ̀gá mi ní àwọn tó ń dúró dè wá nínú ẹ̀wọ̀n pọ̀, a ò lè máa sáré lẹ́yìn ẹni tó ń tàn wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi.

*

Ọjọ́ náà, bàbá kò lè jókòó dáadáa. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Mo ń bi í léèrè, kò dáhùn. Òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gba gbogbo yàrá, Barrister sì ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láti mí. Obìnrin kan máa ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ebi ń pa ọ̀gá mi, ó ń ra oúnjẹ fún àwa méjèèjì, ó sì fẹ́ mọ irú ẹran tí mo fẹ́. Ó yọjú, ó fi ohùn rẹ̀ tó ń já òrùlé pè mí:

"Ponmo don finish o! Shaki?"

Bàbá fò dìde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ilẹ̀, àti èyí tó ń jẹrà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Sah!"

Ó wá ṣubú lulẹ̀, ó ń kérora. Sunday sáré gbé e, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dárò. "Hungry don finish this papa. E hear shaki, e salute meat!"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Port Harcourt kì í fi ohùn sí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi sí i. Ṣàkì inú màlúù ni ọ̀gá mi fẹ́ pè, ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, Ṣakí ni, Ṣakí ìlú. Mo sì rántí bàbá kan ládùúgbò wa ní Òkèhò, Bàbá Kọ́pùrù, tó ti ṣe sójà rí. A jọ ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bí tíṣà bá sì pe orúkọ wọn, Dorcas Òkèhò àti àwọn yòókù, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Màámi ló ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn sójà láyé ọjọ́un, pé ìlú tí o ti wá ni wọ́n á fi ṣe orúkọ bàbá rẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá. Ráfíù Ṣakí."

"Dákẹ́!" Ohùn ọ̀gá sójà ni. Sunday gan-an dákẹ́.

Bàbá ní ọkùnrin tó kọ orúkọ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ó bi òun pé, Ráfíù kí ni? Láti ibo? Òun ní Ṣakí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ lọ láti ẹkùn náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di Shaki: Gàníyù Shaki, Joseph Shaki, Búsàrí Shaki. "Ìlú kan ló kọ sí àyà wa," ni bàbá wí. "Nígbà tí ọlọ́pàá mú mi, tó ní kí lorúkọ mi, mo fún un ní ti bàbá mi. Bàbá mi ti kú. Ojú kì í ti òkú. Ṣé Ṣakí ti kú ni? Tí wọ́n bá ń pe orúkọ náà ní kóòtù, tí wọ́n ń sọ pé Ṣakí jalè, ta ni wọ́n ń bá wí?"

"Orúkọ yẹn lẹ fi máa rí ìtọ́jú, Bàbá."

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àgbà ni. Mo ní èmi náà gbọ́ òwe yẹn dàgbà, ẹnu ẹni tí ara rẹ̀ le ló ti máa ń dùn. Mo ní, "Ìlú ò ní ẹsẹ̀ tó lè jẹrà. Ẹ̀yin lẹ ní in." Mo sọ fún un pé tí mo bá fẹ́, mo lè gbé orúkọ náà lọ sí bárékè báyìí láìbi í. Barrister, tí kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yé e, di apá mi mú. "No. If im no gree, we no fit." Òfin iṣẹ́ wa ni, mo sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá ń wò mí. Bóyá ìbínú mi ló tù ú lára, n kò mọ̀. Ó ní ìyàwó òun, Ìyá Síkírátù, gbà pé orí omi lòun wà, pé inú ọkọ̀ ojú omi lòun ti ń ṣiṣẹ́ ní Onne, ibi tí fóònù kì í dé. Tí orúkọ yẹn bá jáde, àwọn Gàníyù á gbọ́, ìyàwó òun á sì gbọ́ lẹ́nu ará ìta. "Jẹ́ kó ṣáájú wọn gbọ́. Jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó ń sọ èdè wa. Ohun tó bá wí, ìyẹn ni màá ṣe."

Ó ka nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀ fún mi láìmí. Ẹni tó ní òun gbàgbé nọ́ńbà!

*

Mo pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́bàá títì, nítorí pé n kò lè dá jókòó nínú yàrá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Láti Port Harcourt ni mo ti ń pè. Nítorí Bàbá Síkírátù ni."

Ó ní, "O ti lóyún, àbí?"

"Rárá o, mà! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá!"

"Ọmọbìnrin á kàn pe ìyàwó ilé láti ẹ̀yìn odi, kì í ṣe oyún? Mo ti ń retí ẹ. Sọ ọ́, mo ti jókòó."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ti múra sílẹ̀ de orogún, ẹ̀wọ̀n ni mo gbé wá bá a. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti Trans-Amadi, mo sọ ti wáyà, mo sọ pé wọn ò tíì dá a lẹ́jọ́ rárá. Mo sọ ti ẹsẹ̀. Ó ń sọ pé "hẹn" lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti fi orúkọ pa mọ́ kí ojú má bàa ti Ṣakí, ó ké.

"Ṣakí wo?"

"Ìlú yín, mà."

"Ta ló ní ìlú wa ni Ṣakí? Abúlé wa kì í ṣe Ṣakí! Ọjà la máa ń ná níbẹ̀! Kò sí ará abúlé tí àwọn sójà mọ ibi tó ti wá, ìyẹn ló fi sọ pé Ṣakí." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, mi ò lè mọ èwo ló pọ̀ jù. "Kò ní ilé kan, kò ní ilẹ̀ kan ní Ṣakí. Ṣé ìlú tí ò mọ̀ ọ́n rí ló fẹ́ kú fún?"

Ọkọ̀ ń kọjá, eruku ń bò mí.

"Ọmọ mi," ó ní nígbẹ̀yìn, "sọ fún un pé Ìyá Síkírátù ní kó jẹ́ orúkọ rẹ̀ kíákíá. Ìyókù, tèmi ni."

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo pe Màámi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Sunday. Ó bẹ̀rù, ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ó ní ṣé kò sí nǹkan lóòótọ́, mo sì bú sẹ́kún lójú títì.

Mo rò ó títí. Mo ti ń bínú pé wọ́n ń pè mí ní Yoruba bí ẹni pé n kò ní ilé kan pàtó. Bàbá yìí ńkọ́? Wọ́n fún un ní orúkọ ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, ó gbé e lọ sójú ogun, ó gbé e bọ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Bóyá ibi tí èèyàn ti wá kọ́ ni ìlú rẹ̀. Bóyá ibi tí kò fẹ́ dójú tì ni.

*

Nígbà tí mo jíṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ló sọ. A kì í ṣe ará Ṣakí." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí nígbà tí ìbọn ń dún, tí mo sì yè. Ó ti di tèmi."

Ó wá ka nọ́ńbà ológun rẹ̀. Ó kà á bí ọmọdé ṣe ń ka ABD, kò kọsẹ̀ níbì kan.

Akọ̀wé bárékè wá a, ó rí i. Ó dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní, "Sergeant. Jesus." Kò tún sọ 419 mọ́. Síbẹ̀ ó ku kí kóòtù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e jáde, adájọ́ kò sì sí nílé. Barrister Ibinabo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì adájọ́ náà, ó ní òun ò ní kúrò, ohùn rẹ̀ sì ń wọlé tọ àwọn akọ̀wé lọ títí wọ́n fi bá a wá adájọ́ rí, tó sì fọwọ́ sí i. Kó tó di ìgbà náà, ibà ti gbé bàbá, kò dá mi mọ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo ń rò ó pé mo ti mú kó jẹ́ orúkọ tó pa mọ́ lásán, pé á wá kú pẹ̀lú ìtìjú náà.

Ọ́físà tó bá ọkọ̀ aláìsàn wá ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí òun tó gbé e. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ dì. Ọ́físà náà tẹ̀ síwájú.

"Shaki!"

Ojú bàbá là. Ó sọ nọ́ńbà rẹ̀, ó sọ ipò rẹ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbọ́ ọ. Ọ́físà náà kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, wọ́n sì gbé e lọ.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ó yè. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n ti gbọ́?" Mo ní wọ́n ti gbọ́. Ó yí ojú sí ògiri.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, mo bá obìnrin kan àti àwọn bàbá mẹ́ta ní géètì ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ àti àárẹ̀ ìrìn àjò lójú wọn. Mo mọ ohùn obìnrin náà kó tó yíjú sí mi. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Èyí tí mo pè ní olóyún." Sójà tó ń ṣọ́ géètì ń kọ orúkọ àwọn àlejò.

"Who una come see?"

"Sergeant Shaki."

"Your name?"

"Ganiyu Shaki."

"You?"

"Joseph Shaki."

"And you, Papa?"

"Busari Shaki."

Sójà náà gbé bírò sílẹ̀. "Una be one papa, one mama?"

"Na one army born us," ni èyí tó ń jẹ́ Joseph dáhùn.

Sójà náà wo Ìyá Síkírátù. Obìnrin náà wò mí, ó sì gbé àyà sókè. "Shaki," ó ní.

Ó wá ku èmi. Sójà náà mọ̀ mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú rẹ̀, "Yoruba" ló sì máa ń pè mí. Ó mú bírò rẹ̀.

"And you, madam?"

"Ṣakí," mo ní.

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣí géètì.